Etí-Omi Dúró De Àwọn Olóyè

Lọ́jọ́ tí òkun wọ Ìsàlẹ̀-Òpó, ẹ̀rọ tó yẹ kó ta ìlú lólobó kò bàjẹ́. Iná rẹ̀ ń tàn, okùn rẹ̀ kò já. Ó ti rí omi náà láti òkèèrè, ó ti wọ̀n ọ́n, ó sì mọ iye ìṣẹ́jú tó kù kó tó dé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dúró kí àwọn olóyè kí ara wọn tán.

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí ẹ̀rín kò sí níbi tí ìtàn yìí ń lọ.

Ìlú Orí-Òpó ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó irin láàárín agbami, lọ́gọ́rin ọdún lẹ́yìn tí òkun ti gbé etíkun àtijọ́ mì. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbọ́n. Wọ́n ń sọ omi iyọ̀ di omi mímu, wọ́n ń gbin iṣu tí kò fara kan ilẹ̀, ọkọ̀ wọn sì ń lọ sínú òṣùpá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹ kó márùn-ún nínú wọn sínú yàrá kan, kí ẹ gbé àga mẹ́rin síbẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ọgbọ́n wọn parí sí.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń darí ìlú náà. Wọ́n ń pè é ní Ọpọlọ, ààfin ló wà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí kò létí, tí kò lọ́wọ́, kí ló fẹ́ ṣe? Ohun tó so ó mọ́ Àká níbi tí ìrántí rẹ̀ wà, tó so ó mọ́ àwọn ìlẹ̀kùn omi àti iná ilé gbogbo, ni ìdìpọ̀ okùn dígí kan tó nà láti òkè ìlú dé ìsàlẹ̀. Òpópó ni wọ́n sọ ọ́. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ìlà Orúkọ ń sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń lọ bá. Ìlà Ẹrù ń gbé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìlà Àṣẹ ń sọ bóyá wọ́n fẹ́ fúnni ni tàbí wọ́n fẹ́ gbà, òun náà ló sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún bóyá ó ti gbọ́. Aago kan wà nínú rẹ̀ tó ń mí bí ènìyàn ti ń mí, àmọ́ ó yá ju ìyẹn lọ fíìfíì, ìmí kan sì ni ẹrù kan.

Gbogbo ẹ̀rọ ìlú ló fara kọ́ okùn kan náà yìí. Gbogbo wọn ń gbọ́ ohun tó ń kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń dáhùn. Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ariwo lásán ni. Ẹ̀rọ tó bá lọ́rọ̀ láti sọ yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Asọ́nà yóò sì pinnu ẹni tó kàn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ títí wọn yóò fi dá a lóhùn pé àwọn ti gbọ́.

Àbẹ̀jẹ́ ló kọ́ Òpópó. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó sì máa ń yínmú kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tó parí gbólóhùn. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó o, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ yẹn kò sì ṣe é lóore púpọ̀. Lójú tirẹ̀, ìgbìmọ̀ olóyè ìlú jẹ́ àkójọ fìlà tí kò rí orí gbé lé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í yínmú sí. Látúnjí ni, àbúrò ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Látúnjí ló ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn omi ńlá ní Ìsàlẹ̀-Òpó, níbi tí àwọn apẹja àti àwọn tí kò joyè ń gbé. Bí ìlẹ̀kùn náà bá fẹ́ tì, Látúnjí gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò rẹ̀ lọ, kó fi rééki kó koríko òkun kúrò lójú ọ̀nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlẹ̀kùn kò ní jókòó dáadáa. Iṣẹ́ ẹrẹ̀ ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ irin kan wà níbẹ̀ tí Látúnjí lè fọwọ́ yí kí ìlẹ̀kùn tì. Olóyè Mákànjúọlá ló ní kí wọ́n gé e dànù. Òun ni Aṣíwájú Ẹ̀rọ ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wáyà àti okùn bàtà. Ó ní ìlú tó lajú kì í fọwọ́ ti ìlẹ̀kùn, Òpópó ni yóò máa gbé àṣẹ wá. Níbi tí kẹ̀kẹ́ náà wà, wọ́n gbé òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí kalẹ̀.

Oṣù mẹ́ta kí omi tó dé, Àbẹ̀jẹ́ gbé ètò Asọ́nà wá síwájú ìgbìmọ̀. Ó fi Etí-Omi ṣáájú gbogbo ẹ̀rọ. Etí-Omi ni òpó tó wà nínú òkun lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, tó ń gbọ́ ìgbì tó ń bọ̀. Ó fi ilé ìwòsàn tẹ̀ lé e, ó fi panápaná tẹ̀ lé ìyẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ìkíni ilé àwọn olóyè sí. Olóyè Mákànjúọlá gbé awò ojú wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ ara rẹ̀ láti òkè. Ó wá a títí ó fi dé ìlà tó kẹ́yìn.

“Ta ló kọ ìwé yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìwọ. Wò mí dáadáa. Ṣé ohun tó ń gbé inú ẹrẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ilé mi?”

“Asọ́nà ò mọ olóyè, sà. Ohun tí kò lè dúró ló yẹ kó kọ́kọ́ kọjá. Ìkíni lè dúró. Òkun kì í dúró.”

“Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o! Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọdé á dákẹ́. Ṣé okùn lásán ló máa wá kọ́ wa níwà?”

“Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọdé, sà.”

“Ta ló ń ṣọ́ Etí-Omi náà? Àbí kì í ṣe Látúnjí, tó ń kó koríko? Ṣé Látúnjí ni yóò máa sọ̀rọ̀ ṣáájú mi?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjì tó ti sùn jí, wọ́n bá wọn rẹ́rìn-ín láì béèrè ìdí.

Àbẹ̀jẹ́ gbìyànjú, ká má parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.”

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà,” ni Mákànjúọlá dáhùn, “kò lè ní àkísà bí àgbà.”

“Àkísà náà gan-an ni mo ń wò yìí, sà.”

Wọ́n ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Wọ́n ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olóyè kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó ga jù dé orí ẹni tó kéré jù, olóyè méjìlélọ́gọ́ta. Kó tó dé orí ẹni ogún, orúnkún ti ń ro ó. Kó tó dé orí ẹni ogójì, ó ti kórìíra wọn dé eegun.

Nígbà tó jókòó tán ni wọ́n wá pàṣẹ. Ilé olóyè kọ̀ọ̀kan ni yóò máa tò lórí Òpópó bí oyè rẹ̀ ti ga sí, ààfin lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ohun tí kò lóyè lẹ́yìn. Bí ẹni tó lóyè bá ṣì na ọwọ́, ẹni tí kò lóyè kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Olóyè kan tún dìde, ó ní kò bójú mu kí wọ́n máa fi nọ́ńbà pe ilé àgbà bí ẹlẹ́wọ̀n, kí Ìlà Orúkọ máa gbé oyè àti oríkì oníkálukú délẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Orúkọ tó ń gba ìmí kan ṣoṣo wá di ohun tó ń gba irínwó ìmí, nítorí àti pe ìlẹ̀kùn ilé Mákànjúọlá kó ṣí.

Lọ́jọ́ kejì, Àbẹ̀jẹ́ lọ bá Látúnjí níbi ìlẹ̀kùn omi, ó sì rojọ́ fún un tìbínú-tìbínú. Látúnjí ń fọ rééki rẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin.

“Wọn ò sunwọ̀n,” ló wí. “Àmọ́ wọ́n ti wà níbẹ̀, a ò sì lè kó wọn dà sómi. Àbẹ̀jẹ́, ṣé o ò lè dá ọgbọ́n kan sí i? Mi ò fẹ́ kí Etí-Omi máa tò lẹ́yìn àwọn tó ń béèrè bí ara ti rí.”

“Mo lè la ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan fún un, Bùrọ̀dá. Bí omi bá ti kọjá àmì pupa, kó má tò mọ́, kó kọjá tààrà. Ìlà kan ṣoṣo ni mo máa kọ. Wọn ò lè rí i, wọn ò mọ̀wé Asọ́nà kà.”

“O máa ṣe é?”

“Mo ṣèlérí fún yín.”

Ó sì ṣe é. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló kọ ọ́, ó dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, à bá máa sọ ìtàn mìíràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fi Òpópó lọ́lẹ̀, Olóyè Mákànjúọlá dúró síwájú àwọn àlejò láti ìlú mẹ́fà, ó sọ bí òun ṣe ronú kan ètò náà, bí òun kò ṣe sùn, bí òun kò ṣe jẹun. Ara rẹ̀ kò jọ ara ẹni tí kò jẹun. Nígbà tí àlejò kan béèrè ẹni tí obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́, ó wẹ̀yìn, ó ní, “Ìyẹn? Ọmọ tó bá wa so okùn ni.”

Àbẹ̀jẹ́ rẹ́rìn-ín sí àlejò náà. Ó padà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí ìwé Asọ́nà, ó sì pa ìlà kan yẹn rẹ́.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kú. Ó ti ṣírò rẹ̀. Omi tó máa ń kún lóṣooṣù kò ju kókósẹ̀ lọ, bí ìlẹ̀kùn bá pẹ́ díẹ̀ kó tó tì, kápẹ́ẹ̀tì àwọn kan yóò tutù, ìlú yóò pariwo, àwọn fìlà yẹn yóò sì wá kúnlẹ̀ níwájú òun. Ó ti ń rí orúnkún wọn lójú inú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Àìkú lòun máa sọ fún Látúnjí pé kò sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ọjọ́ Àìkú dé, ojú ń tì í, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó ṣe ń sún un síwájú nìyẹn.

Ọjọ́ Ìkíni ni ọjọ́ táwọn olóyè Orí-Òpó máa ń kí ara wọn lọ́dọọdún. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Láyé Òpópó, ilé wọn ló ń bá wọn kí ara wọn. Láago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé méjìlélọ́gọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í kí mọ́kànlélọ́gọ́ta yòókù, pẹ̀lú oríkì, pẹ̀lú àwòrán olóyè lórí ẹṣin tí kò gùn rí. Ilé tí wọ́n kí gbọ́dọ̀ dáhùn, ẹni tó kí gbọ́dọ̀ dúpẹ́ ìdáhùn náà, ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ a ní kò tọ́pẹ́.

Àbẹ̀jẹ́ jókòó nídìí dígí ńlá tó wà nínú ààfin, tó ń fi ohun tó ń lọ lórí Òpópó hàn, ó ń wo àwọn tó na ọwọ́ bí wọ́n ṣe tò lọ rẹrẹrẹ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń ka oríkì kan lókè, ó ń yínmú. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí i pé Etí-Omi ti na ọwọ́.

Ẹ rántí pé ọwọ́ nìkan ló lè rí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kì í jáde títí Asọ́nà yóò fi fún un láàyè. Ó wo ọwọ́ náà, ó ní, “Ó yá. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tutù díẹ̀.” Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ mìíràn yọ lẹ́yìn rẹ̀, láti ilé ìṣọ́ Látúnjí, ó sì ń wá Àbẹ̀jẹ́ fúnra rẹ̀. Ó rò pé Látúnjí fẹ́ kí òun kú ọdún ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ bu omi mu.

Omi tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti oṣooṣù. Ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì ní apá gúúsù, ó sì ti ìgbì kan dìde tí irú rẹ̀ kò dé Orí-Òpó rí. Ìgbà tí igbe àwọn ará Ìsàlẹ̀-Òpó gba ojú fèrèsé wọlé ni Àbẹ̀jẹ́ sáré padà sídìí dígí, ó tẹ àṣẹ pé kí ìlẹ̀kùn omi tì. Àṣẹ náà na ọwọ́, ó sì bọ́ sẹ́yìn Etí-Omi, nítorí oníṣẹ́ kò lóyè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ, tẹ̀gàn-tẹ̀gàn.

Lókè dígí náà, ilé Olóyè Mákànjúọlá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ẹnì kan pé ó dúpẹ́.

Ó sáré lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn ààfin níbi tí okùn àwọn ilé olóyè ti wọ Òpópó. Kò sí àáké níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó fà á, dígí inú okùn gé e lọ́wọ́, ó ń sunkún, ó ń fà á títí ó fi já. Kíá ni Asọ́nà fún Etí-Omi láàyè, ìlẹ̀kùn omi sì tì, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́. Kó tó kan ẹlòmíràn, Òpópó dá mímí dúró.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Òpó ti gun òrùlé. Ilé wọn bàjẹ́, ọkọ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n yè. Nígbà tí omi fà, wọ́n rí Látúnjí nínú kòtò ìlẹ̀kùn. Ojú ọ̀nà ìlẹ̀kùn mọ́ féfé, kò sí koríko kan níbẹ̀. Rééki rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yé ẹnikẹ́ni ìdí tí kò fi sá, ẹni tó mọ̀wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àtẹ̀gùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ìgbìmọ̀ jókòó. Àwọn kan ní kí wọ́n pa ètò oyè rẹ́ kúrò lórí Òpópó. Olóyè Mákànjúọlá dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe.

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́,” ló wí. “Ètò kò ní ẹ̀bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Etí-Omi kò lóyè. Ẹ jẹ́ ká fi í joyè.”

Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ yìí, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn omi, wọ́n fi aṣọ òkè wé òpó náà, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn níbi tí wọ́n rò pé ọrùn rẹ̀ wà, wọ́n sì pè é ní Aṣíwájú Agbami. Ẹnì kan ka oríkì tuntun fún un. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Látúnjí.

Àbẹ̀jẹ́ dúró nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ó fẹ́ yínmú. Ó wá ẹ̀gàn tó máa ń tètè yọ sí i lẹ́nu, kò rí i. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Wọ́n ní kó lọ so okùn tó já, kó sì kọ oyè tuntun náà sínú Asọ́nà. Ó so ó. Òpópó bẹ̀rẹ̀ sí í mí padà, ìkíni tó há sínú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ilé ń kí ilé, ilé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi tán. Ìgbà náà ni Asọ́nà wo ìsàlẹ̀, ó rí ọwọ́ kan tó ṣì wà lókè níbẹ̀, ó sì fún un láàyè.

“Àbẹ̀jẹ́, èmi ni.” Ohùn Látúnjí ni, omi ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. “Omi ti kọjá àmì pupa o, ó sì ga. Ìlẹ̀kùn ò tíì mira. Àwọn èèyàn ní kí n gòkè, mo ní rárá, ọmọ mi ti la ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé fún Etí-Omi, ìlẹ̀kùn ò ní pẹ́ tì. Bí mo bá kúrò níbí, koríko ò ní jẹ́ kó jókòó, gbogbo Ìsàlẹ̀-Òpó á sì lọ. Mò ń kó o lọ́wọ́. Má ṣèyọnu, mo mọ̀ pé o ò jẹ́ bá mi ṣèlérí kó o má mú un ṣẹ. Kú iṣẹ́, ọmọ mi.”

Ohùn náà dákẹ́. Ìlà Àṣẹ tan iná pupa kékeré kan síwájú rẹ̀, ó ń béèrè bí Òpópó ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó gba ọ̀rọ̀: ṣé o ti gbọ́?

Àbẹ̀jẹ́ gbé ìka sókè, kò lè tẹ̀ ẹ́. Lókè dígí, ilé Mákànjúọlá ti na ọwọ́ láti kí Aṣíwájú Agbami kú oríire. Àwọn ilé yòókù na ọwọ́ tẹ̀ lé e, méjìlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú oyè, pẹ̀lú oríkì. Ṣùgbọ́n Látúnjí ló gba ọ̀nà, wọn kò sì tíì dá a lóhùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi Òpópó lọ́lẹ̀, gbogbo àwọn olóyè ìlú dúró, wọ́n ń dúró de Látúnjí.